Ọ̀wọ́n Tí Kò Fa Ìfẹ́: Àwọn Ọkọ̀ Alágbára AMC àti Ojú Tí Wọ́n Fi Ń Wò Wọ́n

Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, wọ́n lu Mustang aláwọ̀ ewé tí Steve McQueen fi sáré nínú fíìmù Bullitt ní gbàǹjo ní Kissimmee, ní ìpínlẹ̀ Florida. Owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là, bẹ́ẹ̀ ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, ìpẹtà sì ti mú un lára. Ẹ́ńjìnnì V8 tó wà níwájú rẹ̀ jẹ́ ti kúbíìkì íǹṣì 390. Ní 1968 kan náà tí fíìmù yẹn jáde, ilé-iṣẹ́ American Motors, tí gbogbo ayé ń pè ní AMC, ń ki 390 tirẹ̀, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, bọ inú ọkọ̀ oníjòkòó méjì kan tó ń jẹ́ AMX. Láti ọdún náà títí di 1970, AMX 19,134 péré ló jáde. Ní 1968 nìkan, Corvette tí Chevrolet tà lé ní 28,000. Tó bá jẹ́ pé ọ̀wọ́n ni àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ ń lé kiri bí wọ́n ti máa ń sọ, AMX ì bá ti wà níwájú lọ́jà wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì tíì rí bẹ́ẹ̀ rí.

Èrò tèmi ni pé ọ̀wọ́n kì í dá fa ìfẹ́. Orí ohun tó wọ́pọ̀ ni iyì rẹ̀ máa ń dúró lé. Ẹ wo Plymouth Hemi 'Cuda ti 1971, irú èyí tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn. Gbogbo èyí tí wọ́n ṣe kò ju méjìlá lọ, ọ̀kan nínú wọn sì tà ní mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ dọ́là ní 2014. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àwọn díẹ̀ yẹn ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún Barracuda lásán wà tí àwọn ènìyàn ń rí níwájú ilé aládùúgbò àti níwájú ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ti mọ ojú ọkọ̀ náà dáadáa kí wọ́n tó gbọ́ pé irú kan wà tó ju gbogbo wọn lọ. Ọ̀wọ́n ti AMC yàtọ̀. Kò sí èyí tó wọ́pọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fojú sọ́nà fún kí èyí tó ṣọ̀wọ́n tó dé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí kò rí ọkọ̀ kan rí ní 1969 kò ní fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wá a kiri nígbà tó bá dàgbà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí 1964. Ọdún yẹn ni John DeLorean àti àwọn ẹnjiníà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pontiac fọgbọ́n yẹ òfin General Motors tó ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ alábọ́ọ́dé kò gbọdọ̀ ju kúbíìkì íǹṣì 330 lọ. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì 389 tó jẹ́ ti ọkọ̀ ńlá, wọ́n kì í bọ inú ọkọ̀ Tempest, wọ́n sì sọ ọ́ ní GTO. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òpìtàn ti ń ka ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọkọ̀ tí ará Amẹ́ríkà ń pè ní muscle car: ara tí kò tóbi, ẹ́ńjìnnì tó tóbi, owó tí ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ lè san. Ní ọdún kan náà gan-an ni AMC gbé ìpolówó jáde pé eré ìdíje ọkọ̀ kò kan òun, ìran ènìyàn ló jẹ òun lógún. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe irọ́. Nash àti Hudson ló para pọ̀ di AMC ní 1954, George Romney sì ṣe ọ̀gá níbẹ̀ kí ó tó di gómìnà Michigan. Rambler kékeré tí kì í mu epo púpọ̀ ló fi gba ọjà.

Rambler yìí ti ní orin tirẹ̀ ṣáájú GTO. Ní 1958, àwọn Playmates kọ Beep Beep, orin Nash Rambler kékeré kan tó ń lé Cadillac, ó sì gbajúmọ̀ jákèjádò Amẹ́ríkà. Adùn orin náà ni pé kò sẹ́ni tó gbà pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè lé Cadillac bá. Nígbà tí Ronny and the Daytonas kọ orin GTO ní 1964, ìyìn ni wọ́n kọ. Ẹ̀rín ni ti Rambler. Mo ka nǹkan yìí sí ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé lórí ọkọ̀ lọ, nítorí pé orúkọ tí àwọn ènìyàn ti fi rẹ́rìn-ín fún ọdún mẹ́wàá kì í bọ́ nínú ẹ̀rín lọ́jọ́ kan.

Ní 1969, AMC ṣe Rambler kan tó lè lé Cadillac bá láìsí àní-àní. Wọ́n bá ilé-iṣẹ́ Hurst dòwò pọ̀, àwọn tí ọ̀pá jíà wọn lókìkí láàárín àwọn asáré, wọ́n sì jọ gbé SC/Rambler jáde. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,512, ní ọdún kan ṣoṣo. Ẹni tó bá dúró tì í yóò kọ́kọ́ rí ara kan tó ṣe wẹ́kú bí àpótí, ara Rogue onílẹ̀kùn méjì tí olùkọ́ tàbí akọ̀wé ìjọba lè máa gbé lọ síbi iṣẹ́. Ara náà funfun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, wọ́n fi ọ̀dà pupa gbòòrò là á já. Ilà búlúù gba orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gba orí òrùlé, ó dé ẹ̀yìn. Ihò atẹ́gùn kan yọ gọnbu lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹnu rẹ̀ ṣí gbàgà. Wọ́n ya ọfà ńlá kan tó kọjú sí ẹnu ihò náà, wọ́n kọ AIR sí i, wọ́n sì kọ ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì síbẹ̀ gàdàgbà. Àgbá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ pàápàá, búlúù ni wọ́n kùn ún.

Inú rẹ̀ tún wú mi lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjókòó fáínìlì aláwọ̀ eérú, kò sí ọ̀ṣọ́ kankan, àfi ìgbórílé tí wọ́n fi pupa, funfun àti búlúù ṣe. Aago tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ti ń yí kò sí nínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Wọ́n fi òrùka irin, irú èyí tí mẹkáníìkì fi ń di họ́ọ̀sì, dè é mọ́ ọ̀pá sìtíárì. Ọ̀pá jíà Hurst yọ láti ilẹ̀, jíà mẹ́rin tí a ń fọwọ́ yí, kò sí èyí tó ń yí fúnra rẹ̀. Rédíò nìkan ni ẹni tó ń rà á lè fi owó lé owó fún. Agbára ẹṣin 315, owó 2,998 dọ́là, ìpolówó rẹ̀ sì sọ pé ó ń fi ìṣẹ́jú àáyá 14.3 sáré ìdámẹ́rin máìlì.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀dà yẹn pariwo jù, pé òun ló lé ènìyàn sá. Èmi ò gbà. Ọkọ̀ tó fi gbogbo iṣẹ́ ara rẹ̀ hàn ni mo rí: ibi tí atẹ́gùn ń gbà, ibi tí wọ́n so aago mọ́, ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Plymouth Road Runner ti 1968 ni wọ́n máa ń yìn pé ó já ọ̀ṣọ́ jù sílẹ̀ gbájú mọ́ eré. Bẹ́ẹ̀, ẹyẹ inú kàtúùnù tí gbogbo ọmọdé ti mọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ló wà lára rẹ̀. Ọkọ̀ ti Plymouth wọlé pẹ̀lú ojúlùmọ̀. SC/Rambler dá wọlé ni.

AMC pàápàá kò ràn án lọ́wọ́. Ní 1970 wọ́n gbé Rebel Machine jáde, 390 tirẹ̀ ní agbára ẹṣin 340, aago ìyí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ihò atẹ́gùn orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí awakọ̀ ti ń wò ó láti inú gíláàsì iwájú. Ìpolówó tí wọ́n ṣe fún un gbà pé Corvette 427 àti Hemi yára jù ú lọ, ó wá ń fi í wé Volkswagen àti Cadillac baba ẹni. Ó pani lẹ́rìn-ín, àmọ́ ó bà mí nínú jẹ́. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá fi ẹ̀fẹ̀ dípò oríkì rẹ̀, ta ni yóò kì í lójú agbo? 2,326 ni gbogbo Machine tó jáde.

Àwọn kan á ní ìṣẹ́gun lórí pápá eré ló ń sọ ọkọ̀ di ohun àpọ́nlé. Ìdáhùn sí èyí wà nínú ìdíje Trans-Am. Ní 1968 àti 1969, Mark Donohue, nínú ẹgbẹ́ Roger Penske, fi Camaro gba ipò àkọ́kọ́ fún Chevrolet. Ní 1970 Penske kúrò lọ́dọ̀ Chevrolet bọ́ sọ́dọ̀ AMC, ní 1971 Donohue kan náà sì fi Javelin ti AMC gba ipò àkọ́kọ́. Ní 1972, George Follmer tún fi Javelin gbà á. Láti Camaro ti Donohue dé Javelin rẹ̀ ti 1971, awakọ̀ kan náà ni, ọ̀gá ẹgbẹ́ kan náà, ìdíje kan náà. Camaro Z/28 di ohun tí baba ń sọ fún ọmọ. Javelin, ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ló ń ràntí rẹ̀. Mi ò rí ẹ̀rí tó lágbára jù èyí lọ pé eré lásán kò tó.

Ohun tó kù jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé àti irin. Ẹni tó ra GTO lè ní kí Pontiac Historic Services fi ẹ̀dà ìwé ilé-iṣẹ́ ránṣẹ́, kí ó mọ gbogbo ohun tó bá ọkọ̀ náà jáde. Ẹni tó ni Ford ti 1967 síwájú ń gba irú rẹ̀ lọ́dọ̀ Marti Auto Works. AMC kò ní irú àkọsílẹ̀ tó kún bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọkàn ẹni tó fẹ́ náwó sì máa ń fà sẹ́yìn níbi tí ẹ̀rí bá ti ṣòro. Ènìyàn lè ra gbogbo ara Camaro 1969 ní tuntun lónìí, irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀. Ẹni tó ni AMX a máa wá páànù kan títí. Chrysler ra AMC ní 1987, Jeep ló sì ń wá níbẹ̀. Àpọ́nlé ò sí fọ́ba tí ò lólorì. Ford ṣì ń ta Mustang, gbogbo Mustang tuntun tó bá sì jáde ń polówó ti àtijọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣé àwọn ọkọ̀ yìí dára ní tòótọ́? Wọ́n ní àbùkù. Ìdè àgbá kẹ̀kẹ́ iwájú tí AMC ń lò kí 1970 tó dé ti di ti àtijọ́ nígbà náà, inú SC/Rambler sì jẹ́ ti ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n ọ̀pá kíráǹkì 390 wọn jẹ́ irin tí wọ́n fi òòlù rọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n dà. Buick GSX ti 1970, tí 678 péré jáde ní ọdún yẹn, ti jìyà díẹ̀ nínú irú àìkàsí yìí, torí pé wọ́n ka Buick sí ọkọ̀ àgbààgbà, síbẹ̀ ó ní General Motors lẹ́yìn. AMC kò ní ẹnìkan.

1969 náà ni ọdún tí AMC lo orúkọ Rambler kẹ́yìn ní Amẹ́ríkà. Àwọn ìwé ìtàn ọkọ̀ máa ń fi SC/Rambler sí abala àwọn ohun àjèjì, fọ́tò kan, gbólóhùn méjì nípa ọ̀dà rẹ̀, ó parí. Ẹ̀yìn GTO gan-an ló yẹ kí wọ́n tò ó sí, torí pé èrò 1964 náà ni ó mú ṣẹ ní ara tó kéré jù, ní owó tí kò tó ẹgbẹ̀ẹ́dógún dọ́là.