Tàdáwà Dúdú Lára Akọni

Bí ọmọ iṣẹ́ tuntun bá dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣàpọ́n pé òun fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń ya ìwé àwòrán akọni, mi ò kì í jẹ́ kó kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Powerman ni mo máa ń gbé lé e lọ́wọ́, kó máa wò ó.

Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ á rántí rẹ̀. Ọdún 1975 ló jáde, alágbára adúláwọ̀ ni akọni rẹ̀. Ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti ń tà á, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń yà á. Ọ̀dọ́ ayàwòrán méjì, Dave Gibbons àti Brian Bolland, ló ń gbà á yà fún ara wọn. Wọn ò tíì lórúkọ nígbà náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Gibbons ya Watchmen, tí Bolland sì ya The Killing Joke. Nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ fún àwọn ará ọ̀hún ní 1988, Powerbolt ni wọ́n sọ akọni wa dà.

Kí n tó yìn ín, ó ní ibi tó kù sí. Wọ́n kọ nọ́ńbà sára àpótí àwòrán kọ̀ọ̀kan, torí wọ́n gbà pé a ò ní í mọ èyí tó yẹ ká kọ́kọ́ kà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ó tún pa mí lẹ́rìn-ín. Ejò sì ni ohun tó lè ká alágbára yìí mọ́lẹ̀! Ọdẹ Ẹ̀gbá wo ló ń wọ igbó láìmú oògùn ejò dání?

Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́. Dúdú àti funfun ni, kò sí àwọ̀ tí wọ́n lè sá sí lábẹ́. Awọ ènìyàn dúdú ló máa ń dán ayàwòrán wò nínú irú iṣẹ́ báyìí. Bí o bá da tàdáwà bò ó, ojú àti imú á pòórá. Bí o bá fi í sílẹ̀ lásán, ó ti di òyìnbó. Ìlà ni wọ́n fi yanjú rẹ̀. Ìlà tó yí apá ká á nípọn nísàlẹ̀ níbi tí oòrùn ò dé, á máa tín-ín-rín lọ sókè títí á fi já, ojú òǹkàwé ni yóò sì bá a parí rẹ̀. Lórí iṣan, ìlà wẹ́wẹ́ á máa sún mọ́ra títí wọ́n á fi di òjìji. Àwọn ìyá tó ń fi ìyẹ́ kọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ ọgbọ́n yìí dáadáa: wọ́n á ti ro ibi tí aró ò ní í dé kí ìyẹ́ tó kan aṣọ.

Ti ìsinsìnyí, àwa fúnra wa là ń kọ ọ́, ìyẹn sì tó ohun à ń yọ̀ sí. Comic Republic gbé Guardian Prime dìde ní Èkó ní 2013. Roye Okupe gbé E.X.O. jáde ní 2015, ó tún kọ Iyanu: Child of Wonder, tí Dark Horse ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ní 2021, ó ti di eré orí tẹlifíṣọ̀n ní 2025. Godwin Akpan ló ya Iyanu. Ọmọbìnrin òrukàn tó ní agbára àràmàǹdà ni ìtàn rẹ̀ dá lé lórí, ó sì dùn ju ti Powerman lọ fíìfíì. Mi ò ní í parọ́.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń pa àwọ̀ wọn lórí fóònù, kó ku dúdú àti funfun. Púpọ̀ nínú àwòrán òde òní ló máa ń wó lulẹ̀ níbẹ̀: akọni á yọ́ mọ́ ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, torí pé pupa aṣọ rẹ̀ nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ti Akpan kì í wó. Ojú ọmọbìnrin yẹn ṣì wà níbẹ̀, mo ṣì lè sọ bóyá ẹ̀rù ló ń bà á tàbí inú ló ń bí i.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní ọ̀rọ̀ àgbà ni mò ń sọ, pé ohun tí a bá fi àwọ̀ yà, àwọ̀ náà ló yẹ ká fi wò ó. Àwíjàre wọn ò burú. Mo kàn ní kí wọ́n ya ojú ìwé kan fún mi pẹ̀lú tàdáwà, láìsí bọ́tìnì tó ń pa àṣìṣe rẹ́. Mo ṣì ń retí rẹ̀.