Ìtànṣán Gámà láti Àárín Agbo Ìràwọ̀ Wa: Lámèyítọ́ Àlàyé Èròjà Òkùnkùn

Bí ìró kan bá ń dún lóru ní Deco Road, a kì í pè é ní iwin nígbà tí a kò tíì ka jẹnẹrétọ̀ àdúgbò tán. Òṣùwọ̀n yìí ni a fi yẹ àlàyé èròjà òkùnkùn wò.

Ní ọdún 2009, Lisa Goodenough àti Dan Hooper rí i nínú àkọsílẹ̀ awò Fermi pé ìtànṣán gámà tó ń ti àárín agbo ìràwọ̀ wa wá pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Wọ́n ní ó lè jẹ́ èròjà òkùnkùn ló ń pa ara rẹ̀ run níbẹ̀. Àlàyé náà bá ìtànṣán ọ̀hún mu, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Àwọn pulsar, òkú ìràwọ̀ tó ń yí bí òkòtó, lè tan irú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó yẹ kí àwọn agbo ìràwọ̀ kéékèèké tó yí tiwa ká, tí èròjà náà pọ̀ nínú wọn, máa tàn bákan náà. Fermi kò tíì rí èyí tó dájú níbẹ̀.

A kò ní irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn olùkọ́ wa pé kí àlàyé bá ohun tí a rí mu nìkan kò tó ẹ̀rí.