Ẹ̀gbẹ́ Kan Tó Gbé Odindi Ọ̀rọ̀

Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí rédíò shortwave sí 7 MHz lè rò pé pẹ́pẹ́yẹ ló ń ké níbẹ̀. Èèyàn ni, àwọn tó ń fi rédíò bára wọn sọ̀rọ̀ nítorí ìfẹ́ rẹ̀ nìkan. SSB (single sideband, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo) ni wọ́n ń lò, ohùn rẹ̀ sì máa ń dún bẹ́ẹ̀ bí a kò bá tíì yí rédíò sí ibi tó yẹ.

Nínú AM (amplitude modulation), ọ̀nà mìíràn tí rédíò ń gbà gbé ohùn, ìgbì kan wà láàárín tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ló ń gbé ohùn kan náà. Ní 1915 ni John Carson, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo tó. Ọgbọ́n yìí wú mi lórí gan-an! SSB yọ ìyókù dànù, gbogbo agbára wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀, àyè tó ń gbà kò sì ju nǹkan bíi 3 kHz lọ.

Lábẹ́ 10 MHz, LSB (lower sideband, ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀) ni wọ́n sábà ń lò. Lókè rẹ̀, USB (upper sideband, ẹ̀gbẹ́ òkè) ni. Yan èyí tó yẹ, kí o máa yí rédíò náà díẹ̀díẹ̀ títí ohùn yóò fi já gaara.