Gbodo Pẹ̀lú Ọlọ

Ní ọdún 2013 ni Facebook gbé irinṣẹ́ kan tí ń jẹ́ React jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tí ń kọ ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Kò ṣe é sẹ́ pé ó dín wàhálà wọn kù: ẹnì kan ṣoṣo lè fi parí ohun tí ì bá gba ọ̀pọ̀ ọwọ́. Àwọn tí ń yìn ín kò purọ́. Kìkì pé àwọn akọ̀wé ojú-ewé náà ni olùyìn. A kò bi ẹni tí ń ṣí ojú-ewé léèrè.

Ẹ jẹ́ kí a bi í ní Oníyanrìn, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń fi fóònù olówó pọ́ọ́kú wo èsì ìdánwò ọmọ, tí wọ́n sì ń ra dátà díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i kí owó ìpè àti dátà lè fi ìdá 50 nínú 100 gòkè. Bí a ṣe sábà ń lo React, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fẹ́ kà nìkan kọ́ ni ó ń wọlé. Irinṣẹ́ náà ń bá a wọlé, fóònù a sì máa ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí ẹlòmíràn ti parí. Bí ẹni pé ìyá elélùbọ́ kan ní Ọjà'ba di gbodo fún oníbàárà, tí ó sì gbé ọlọ lé e lórí, pé kí ó lọ lọ̀ ọ́ nílé.

Facebook náà tọ́ irú rẹ̀ wò. Ní ọdún 2013 kan náà, ó rán àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá sí Áfíríkà láti dán áàpù rẹ̀ wò lórí fóònù Android. Áàpù ń kú lójijì, dátà oṣù kan sì tán ní ìṣẹ́jú 40. React kọ́ ni ó fa èyí, ṣùgbọ́n àṣà kan náà ni.

Rich Harris gbé Svelte jáde ní ọdún 2016. Lọ́dọ̀ akọ̀wé ni Svelte ti ń lọ gbodo. Èlùbọ́ ni ó ń dé ọwọ́ oníbàárà. Tirẹ̀ ni mo fara mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èrè rẹ̀ ń dínkù bí ojú-ewé bá ti ń gbòòrò, tí kò sì lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àwòrán ńláńlá àti ìpolówó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn oní-React fi ọ̀nà kan hàn tí apá kan iṣẹ́ náà yóò fi máa parí lórí ẹ̀rọ ẹni tí ó ni ojú-ewé. Ó gbà wọ́n ní ọdún méje.