Ibi tí Ìbọn Wà lára Páàdì

Iṣẹ́ àtúnṣe páàdì, èyí tí ó ti fìdí múlẹ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà, ní òpópónà Otigba àti àwọn ojúlé tí ó yí i ká, kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn lè mọ̀ dunjú bí kò bá mọ géèmù tí wọ́n ń fi páàdì náà gbá. Páàdì ni ohun èlò tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú láti darí ohun tí ń lọ lójú tẹlifíṣọ̀n, bọ́tìnnì tí a bá sì ń tẹ̀ jù lọ lára rẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ kú. Nítorí náà, ó kan oníṣẹ́ gbọ̀ngbọ̀n pé géèmù kan náà lè fi ìbọn sí bọ́tìnnì kan nínú ẹ̀dà tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ kan, kí ó sì fi í sí ibòmíràn pátápátá nínú ẹ̀dà ti ẹ̀rọ mìíràn.

Kò sí àpẹẹrẹ tí ó dára tó Grand Theft Auto: San Andreas, tí Rockstar gbé jáde fún PlayStation 2 ní ọdún 2004. Nínú ẹ̀dà yìí, R1, tí ó wà ní èjìká páàdì lápá ọ̀tún, ni a fi ń dojú ìbọn kọ ènìyàn, bọ́tìnnì róbótó tí gbogbo ayé ń pè ní O ni a sì fi ń yìn ín. Àtàǹpàkò ọ̀tún tí ń darí analog, ìyẹn ọ̀pá kékeré tí a fi ń wo ọ̀tún wo òsì, náà ni ó gbọ́dọ̀ fò lọ tẹ O, kò sì lè wà níbi méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọgbọ́n tí àwọn tí ó ṣe é dá sí i ni pé wọ́n jẹ́ kí ìbọn lẹ̀ mọ́ ẹni tí a bá dojú rẹ̀ kọ, kí àtàǹpàkò lè fi analog sílẹ̀ láìséwu. Ọgbọ́n ńlá ni, ó sì yẹ kí a yìn wọ́n fún un. Nígbà tí ẹ̀dà kọ̀ǹpútà dé ní 2005, máòsì gba iṣẹ́ náà, bọ́tìnnì ọ̀tún rẹ̀ ń dojú ìbọn kọ, ti òsì ń yìn ín, ìbọn kò sì lẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ti fóònù dé ní 2013, a sì ń fi ìka kan ẹni tí a fẹ́ yìnbọn lù lójú gíláàsì. Ní 2021 ni ẹ̀dà tuntun tí wọ́n pè ní Definitive Edition gbé ìbọn lọ sí L2 àti R2, bí ó ti rí nínú GTA V, géèmù mìíràn nínú ọ̀wọ́ Grand Theft Auto, lórí PlayStation 4. Èyí ni ó bá ọwọ́ ẹ̀dá mu jù, nítorí ìka tí ó tẹ̀lé àtàǹpàkò ni a fi ń fa ohun tí ó jọ ojúlówó ohun ìfà ìbọn, analog kò sì bọ́ lọ́wọ́ àtàǹpàkò rárá.

Gbogbo èyí ni ó ń hàn nígbà tí a bá tú páàdì. Nínú páàdì PlayStation 2 tí San Andreas ti jẹ, kábọ̀n dúdú tí ó wà nídìí rọ́bà O á ti ń dán, ti X á sì ti ṣá jù ú lọ, nítorí X ni wọ́n ń tẹ̀ léraléra láti sáré. Nínú páàdì PlayStation 4, O lè dà bí tuntun nígbà tí sípíríngì R2 ti fò kúrò ní àyè rẹ̀ tàbí tí ike tí ó gbé e ró ti kán. Bí bọ́tìnnì púpọ̀ bá ń ṣe ségesège lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá nínú ti PlayStation 3, kí oníṣẹ́ má ṣe dá ìbọn lẹ́bi: fóòmù kékeré tí ó ń ti ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù ni ó ti rọ̀, bébà tí a ká sábẹ́ rẹ̀ sì máa ń tó o.

Àwọn géèmù bọ́ọ̀lù pàápàá kò yọ ara wọn sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì tí ó ń yàtọ̀ yìí, nítorí bọ́tìnnì onígun mẹ́rin ni PES fi ń gbá bọ́ọ̀lù sójú ilé nígbà tí FIFA ń lo O.

Nígbà mìíràn, páàdì tí wọ́n gbé wá láti Agége tàbí Ògbà pé kò yìnbọn mọ́ kò ní àrùn kankan. Oníṣẹ́ á so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, á ṣí ojú ìdánwò tí Windows ní fún páàdì, á máa tẹ bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, iná pupa á sì máa tàn fún ìkọ̀ọ̀kan wọn láìku ọ̀kan. Ẹni tí ó ni ín ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí PlayStation 2 ni, ó sì ṣì ń wá ìbọn ní R1 àti O. A óò dá páàdì rẹ̀ padà fún un láìgba kọ́bọ̀, a óò sì fi L2 àti R2 hàn án.