Kétou, Shango, Oxo: Orúkọ Yorùbá lórí Máàpù Ayé àti ti Ojú Ọ̀run

Orúkọ tí a kọ sórí máàpù kì í ṣe àmì lásán. Ẹni tí ó bá kà á yẹ kí ó lè ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tàbí ìlú tí ó ni ín. Ìlànà yìí ni ó tọ́ kí a fi yẹ àwọn orúkọ Yorùbá wò, ìbáà ṣe lórí ilẹ̀ Benin, ìbáà ṣe lójú ọ̀run.

Lórí ilẹ̀, àbùkù náà pín sí ìpele mẹ́ta. Kétou ni máàpù kọ fún Kétu: ìkọ̀wé Faransé ni, ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ kò yí padà. Savè ni ó kọ fún Ṣábẹ̀: v, tí kò sí nínú èdè Yorùbá, ti gba ipò b. Porto-Novo ni ó kọ fún Àjàṣẹ́: orúkọ tí àwọn Potogí sọ ìlú náà ti bo ti Yorùbá àti Hogbonu ti àwọn Gun mọ́lẹ̀. Kò sí lẹ́tà kan nínú rẹ̀ tí ó lè mú òǹkàwé dé Àjàṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lójú ọ̀run. Ẹgbẹ́ Àgbáyé àwọn Onímọ̀ Ìràwọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní 1919, ni ó ń fọwọ́ sí orúkọ òkè àti kòtò tí ó wà lórí àwọn ayé mìíràn. Lórí Io, òṣùpá Júpítà tí ó kún fún òkè oníná, kòtò kan ń jẹ́ Shango Patera. Sh kì í ṣe àbùkù, nítorí òun ni álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Benin ń lò níbi tí ti Nàìjíríà ti ń lo ṣ. Àmì ohùn nìkan ni ó sọnù. A kò sì lè sọ pé máàpù ọ̀run kò gba àmì: Schrödinger wà lórí òṣùpá tiwa pẹ̀lú tótó méjèèjì lórí o rẹ̀.

Oxo ni ó burú jù. Ní 2015, ọkọ̀ Dawn dé Ceres, ayé kékeré tí ó wà láàárín Mars àti Júpítà. Kòtò kan níbẹ̀, tí ó fẹ̀ tó kìlómítà 10, tí a sì ti rí yìnyín omi nínú rẹ̀, ni a sọ ní Oxo. Àlàyé ẹgbẹ́ náà ni pé òrìṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ ni, nínú ìsìn àwọn ará Brazil tí ó ti ọ̀dọ̀ Yorùbá wá. Òrìṣà Oko ni Yorùbá mọ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí. Ta ni yóò rí i nínú lẹ́tà mẹ́ta wọ̀nyí? Bí a bá kà á bí Potogí, ṣ ni x ń dún. Oṣo ni a ó gbọ́, kò sì jìnnà sí oṣó. A fẹ́ yẹ́ olùṣọ́ oko sí, a fẹ́rẹ̀ẹ́ pe ẹlòmíràn.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti Brazil. Àwọn tí ń pe ìsìn wọn ní ti Kétu ní Bahia pa àwọn orúkọ òrìṣà mọ́ ní ilẹ̀ àjèjì, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti fi lẹ́tà Potogí kọ wọ́n. Àbùkù ibẹ̀ ni pé máàpù gba orúkọ náà lọ́wọ́ ọmọ, kò bi orísun léèrè.

Ohun tí ó kan ẹ̀kọ́ àgbà nínú ọ̀rọ̀ yìí kò kéré. Ẹni tí a kọ́ pé bí a ti ń pe ọ̀rọ̀ ni a ń kọ ọ́ yóò rí i pé orúkọ ìlú rẹ̀ gan-an tako ẹ̀kọ́ náà. Nítorí náà, kí ìwé ìkàwé kọ Ṣábẹ̀ ṣáájú, kí Savè tẹ̀ lé e nínú àkámọ́. Bí a bá sì ń kọ́ni nípa ọ̀run, kí a kọ Òrìṣà Oko sí ẹ̀gbẹ́ Oxo, kí a sì sọ ọ̀nà tí orúkọ náà gbà dé ibẹ̀.