Ààlà Wáyà àti Kóòdù

Ojú gíláàsì LCD náà tàn búlúù, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́tà kankan lójú rẹ̀. Ẹni tó ra kíìtì ti to wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ìwé ìlànà ṣe wí, ó ti fi kóòdù ránṣẹ́ sínú bọ́ọ̀dù Arduino, kọ̀ǹpútà sì ti jẹ́rìí pé kóòdù wọlé. Kí ló wá dé? Ṣé wáyà ló ṣẹ̀ ni, àbí kóòdù? Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí èyí tó ṣẹ̀ nínú méjèèjì. Nǹkan kékeré aláwọ̀ búlúù kan wà lẹ́yìn LCD ìlà méjì yẹn, tó ní ojú bíi ti ìdè. Bí a bá fi sukudiráfà yí i díẹ̀, lẹ́tà á yọ. Ó ti wà níbẹ̀ látàárọ̀. Ìyàtọ̀ àwọ̀ rẹ̀ sí ti ojú gíláàsì ni kò tó èyí tí ojú lè rí.

Bí kò bá yọ síbẹ̀, àdírẹ́sì ló kàn. Ṣíìpù PCF8574 tó wà lẹ́yìn LCD sábà máa ń jẹ́ 0x27, ṣùgbọ́n ìkejì rẹ̀, PCF8574A, sábà máa ń jẹ́ 0x3F. Ojú lásán kì í tètè dá wọn mọ̀. Kóòdù tó ń kanlẹ̀kùn 0x27 á kàn án títí ilẹ̀ á fi ṣú, bí ẹni tó ń wá bá wà ní 0x3F.

Iṣẹ́ wíwá irú àlébù báyìí lẹ́wà ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Àwọn tó ń kọ́ni máa ń sáré kọjá lórí rẹ̀, bí ẹni pé ìdíwọ́ lásán ni kí a tó débi iṣẹ́. Lójú òǹkọ̀wé yìí, tó ti pẹ́ nídìí mítà àti sódà, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Ẹni tó mọ kóòdù nìkan kò lè ṣe é yọrí, ẹni tó mọ wáyà nìkan kò sì lè ṣe é yọrí. Ó ń fẹ́ ẹni tó lè dúró sí ààlà àwọn méjèèjì, kó sì bi ìhà kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè tí kò ní lè fi irọ́ dáhùn.

Ìlú Ivrea, ní àríwá Ítálì, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Arduino lọ́dún 2005, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà. Massimo Banzi, David Cuartielles, Tom Igoe, Gianluca Martino àti David Mellis ló wà nídìí rẹ̀, wọ́n sì gùn lé iṣẹ́ Wiring tí Hernando Barragán ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 2003. Orúkọ ilé ọtí kan ní ìlú náà ni wọ́n fún un. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò kọ́ ẹ̀ńjíníà rí ni wọ́n ní lọ́kàn. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni pé iṣẹ́ ẹni méjì bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan. Nílé iṣẹ́ ńlá, àwọn tó ń ṣe pánẹ́ẹ̀lì wà lọ́tọ̀, àwọn tó ń kọ kóòdù wà lọ́tọ̀, wọ́n sì lè máa ti ẹ̀bi síra wọn lọ́rùn di ọ̀la. Ẹni tó jókòó ti kíìtì nínú yàrá rẹ̀ kò rí ẹni tì í sí.

Àwọn tó ń tún rédíò ṣe nílẹ̀ Yorùbá ti mọ ọgbọ́n tó wà nídìí wíwá àlébù kí Arduino tó dáyé. Bí wọ́n bá gbé rédíò oníbátìrì tí kò sọ̀rọ̀ wá, ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú nǹkan. Á tan rédíò, á yí fọ́líọ́ọ̀mù sókè, á wá di irin sukudiráfà mú, á sì fi kan ẹsẹ̀ àárín fọ́líọ́ọ̀mù náà. Bí sípíkà bá hùn, á yíjú sí ọmọ iṣẹ́.

“Ṣé o gbọ́ ọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Mo gbọ́ ọ.”

“Láti ibí dé sípíkà ti yè nìyẹn. Apá éríà ni ká máa lọ.”

Ìfọwọ́kàn kan ṣoṣo, ìdajì rédíò ti gba ìdáláre.

Arduino náà ní irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ tirẹ̀. Nígbà mìíràn kóòdù á kọ̀ láti wọlé, kọ̀ǹpútà á sì kọ “not in sync” sójú. Ó lè jẹ́ wáyà USB, ó lè jẹ́ driver tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà dá bọ́ọ̀dù mọ̀, ó lè jẹ́ orúkọ bọ́ọ̀dù tàbí pọ́ọ̀tù tí a yàn, ó lè jẹ́ ṣíìpù USB, ó sì lè jẹ́ ATmega328P tó jẹ́ ọpọlọ bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Ẹni tí ìdààmú bá á bẹ̀rẹ̀ sí í tún Windows fi sínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á kọ́kọ́ yọ gbogbo wáyà tó wà ní ẹsẹ̀ 0 àti ẹsẹ̀ 1, nítorí ọ̀nà méjèèjì yẹn ni kóòdù ń gbà wọlé, ohunkóhun tó bá dúró síbẹ̀ lè dí i. Bí ó bá ṣì kọ̀, á fi wáyà kan so Reset mọ́ GND, kí ATmega má baà dá sí ọ̀rọ̀ náà; á fi òmíràn so ẹsẹ̀ 0 mọ́ ẹsẹ̀ 1; á wá ṣí Serial Monitor, á tẹ ọ̀rọ̀ kan. Bí ọ̀rọ̀ náà bá padà wá sójú kọ̀ǹpútà bó ṣe lọ, wáyà USB, driver, pọ́ọ̀tù àti ṣíìpù USB ti mọ́ nínú ẹjọ́. Ó ku ATmega, bootloader inú rẹ̀ tó ń gba kóòdù wọlé, àti orúkọ bọ́ọ̀dù tí a yàn. Bí kò bá padà, kò tíì kan ATmega rárá. Wáyà méjì péré ni, kò sì sí owó tó jáde lápò. Kódà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, inú ẹni ṣì máa ń dùn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá padà wá bẹ́ẹ̀.

Ní ti wáyà USB, àwọn kan tó bá ṣájà olówó pọ́ọ́kú wá kò ní ju okùn méjì tó ń gbé iná lọ; okùn tó ń gbé ọ̀rọ̀ kò sí nínú wọn. Iná bọ́ọ̀dù á tàn, kọ̀ǹpútà kò sì ní mọ̀ pé ohunkóhun wọlé. Ti driver le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, driver tí ilé iṣẹ́ FTDI gbé jáde gba Windows Update wọ inú kọ̀ǹpútà káàkiri, ó sì ń yí nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn ayédèrú ṣíìpù wọn padà sí òdo, tí kọ̀ǹpútà kò fi mọ̀ wọ́n mọ́. Ẹni tó ra bọ́ọ̀dù láìmọ̀ pé ayédèrú wà nínú rẹ̀ jí, ó bá ohun tó ṣiṣẹ́ lánàá nílẹ̀ gbalaja. Ariwo pọ̀, wọ́n sì fa driver náà sẹ́yìn. Ní ti orúkọ bọ́ọ̀dù, ọ̀pọ̀ nínú àwọn bọ́ọ̀dù Nano ṣì ń lo bootloader àtijọ́ tó ń sọ̀rọ̀ ní ìyára 57600, nígbà tí tuntun ń sọ̀rọ̀ ní 115200. Bí ó bá jẹ́ ti àtijọ́, kí a yan “Old Bootloader”, ó parí.

Àlébù iná ló máa ń fara jọ àṣìṣe kóòdù jù. Mọ́tò SG90 inú kíìtì á yí lẹ́ẹ̀kan, bọ́ọ̀dù á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, á tún yí, á tún bẹ̀rẹ̀. Kí a kọ “mo ti jí” sínú setup, kó máa jáde lójú Serial Monitor. Setup kì í ṣiṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lẹ́yìn tí bọ́ọ̀dù bá tàn. Bí “mo ti jí” bá wá ń jáde ní gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá fẹ́ yí, kóòdù kò mọwọ́mẹsẹ̀: mọ́tò ń fa iná ju ohun tí pọ́ọ̀tù kọ̀ǹpútà lè fún un, mA 500 sì ni òpin ohun tí USB 2.0 ṣèlérí. Ó yẹ kí mọ́tò ní bátìrì tirẹ̀, kí GND bátìrì náà sì so mọ́ ti bọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé èyí tó kẹ́yìn yìí.

Kóòdù náà mọ bó ṣe ń fara jọ wáyà tó já. Ọmọ iléèwé kan fẹ́ kí iná tàn, kó dúró fún ìṣẹ́jú kan, kó tó kú. Ó kọ delay(60 * 1000). Iná tàn, kò sì kú mọ́. Ó ti pààrọ̀ LED, ó ti pààrọ̀ rẹ̀sítọ̀. Lórí bọ́ọ̀dù Uno, irú nọ́ńbà tí ìṣirò yẹn ń lò kò lè kọjá 32,767. 60,000 kún àkúnwọ́sílẹ̀, ó di -5,536. Nígbà tí delay wá kà á ní tirẹ̀ láìka àmì òdì sí, ó di mìlísẹ́kọ́ńdì 4,294,961,760. Ó ju ọjọ́ 49 lọ. Bọ́ọ̀dù náà ń ṣe gẹ́lẹ́ ohun tí wọ́n ní kó ṣe, ó ń dúró. Bí a bá kọ 60UL * 1000, iná á kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan.

Pípààrọ̀ nǹkan mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Bó bá yè, a kò mọ èyí tó wò ó sàn. Bí kò bá yè, ó lè jẹ́ pé àtúnṣe kan ti dá àlébù mìíràn sílẹ̀. Ohun kan ni kí á pààrọ̀, kí á wò ó, kí á kọ ohun tí a rí sílẹ̀. Òǹkọ̀wé yìí kò fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ fún àwọn ọmọdé pé ìwé àkọsílẹ̀ jẹ́ ti àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nìkan.

Àlébù kan sì wà tí kò sí nínú kóòdù, tí kò sì sí nínú wáyà. Ẹ̀rọ tó ń bomi rin ọ̀gbìn fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fẹ́ràn láti ṣe. Wọ́n á ki irin méjì tó ń wọn ọ̀rinrin bọ ilẹ̀. Á ṣiṣẹ́ dáadáa, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ nọ́ńbà á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀, á máa sọ pé ilẹ̀ gbẹ nígbà tó rin gbingbin. Wọ́n á tún kóòdù kọ, pàbó ni. Ẹ fa irin náà yọ, ẹ wò ó: ilẹ̀ tútù àti iná tí kò sinmi ti ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ tó ti wọlẹ̀. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí fóltì 5 tó ń gbà tọ̀sán tòru, kí wọ́n so ó mọ́ ẹsẹ̀ kan lára bọ́ọ̀dù. Kí kóòdù tan ẹsẹ̀ náà fún ìwọ̀nba ìgbà tó fi ń ka nọ́ńbà, kó sì pa á. Irin náà á pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa.